Fatigue: Kí ni dókítà gbọ́ nígbà tí ẹ sọ pé "ó rẹ̀ mí"?

Tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn èyíkéyìí ní Accra láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbólóhùn kan wà tí ẹ máa gbọ́ ní oríṣiríṣi èdè. Ẹni tó ń sọ Twi á ní "mabrɛ." Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á ní "I'm tired." Ọmọ Yorùbá tó wá láti Accra New Town, àdúgbò tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Lagos Town, á ní "ó rẹ̀ mí." Ìdáhùn tí púpọ̀ nínú wọn máa ń gbà kò sì yàtọ̀ síra: ẹ lọ sinmi, ẹ mu omi dáadáa, ẹ jẹun.

Ìmọ̀ràn yẹn dára fún ẹni tó kàn ṣiṣẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa mọ́, àti ìyá ọmọ tuntun tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti bò mọ́lẹ̀, gbogbo wọn náà ló ń sọ pé ó rẹ àwọn. Àwọn dókítà ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n fi ń ya àárẹ̀ aláìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára àárẹ̀ òṣìṣẹ́. Fatigue ni. Ẹ ti lè rí i lára bébà tí wọ́n máa ń ká sínú páálí oògùn, tàbí lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún yín láti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Òun ni a fẹ́ tú lónìí. Bí ẹ bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ lè fi Yorùbá, Twi tàbí Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, wọ́n á sì gbọ́ yín.

"Ó rẹ̀ mí" àti "ó ń rẹ̀ mí"

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ọjà Makola dé, tó ju àpò sílẹ̀, tó jókòó pọ̀ọ̀, á ní "ó rẹ̀ mí." Kò sí ẹni tó máa dààmú. Wọ́n á bu omi fún un, á jẹun, á sùn, tó bá di òwúrọ̀ ara á ti yá. Ṣùgbọ́n bí ẹni yìí kan náà bá ní "ó ń rẹ̀ mí láti ìjẹta," gbogbo ilé á mọ̀ pé àìsàn ló ń wí. Bí wọ́n bá pè wá láti Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ pé "ó rẹ Bàbá díẹ̀," a kì í rò pé oko ni Bàbá ti ń bọ̀. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ la máa bèèrè. Àárẹ̀ la ń pe ohun tó ń ṣe ẹni tó ṣiṣẹ́ tán, àárẹ̀ náà la ń pe àìsàn, ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn sì ni aláàárẹ̀.

Kò sí àṣìṣe nínú ìyẹn. Àárẹ̀ wà lára àmì tó máa ń kọ́kọ́ yọ nínú ọ̀pọ̀ àìsàn, àwọn baba wa sì ti rí i. Nílé, ohùn tí a fi sọ ọ́ àti ojú ẹni tó sọ ọ́ ló ń ṣàlàyé èyí tó jẹ́. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ wá rí. "Ó ń rẹ̀ mí" á di "I'm tired," àìsàn tó wà nínú rẹ̀ á sì já bọ́ lójú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ Gánà náà á gbé e sórí "brɛ" tirẹ̀, ọ̀rọ̀ Twi tó bá làálàá àti iṣẹ́ àṣekára rìn. Ní ìlú tí wọ́n ti ń fi "ayekoo" kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bí àwa náà ṣe ń sọ pé "ẹ kú iṣẹ́," ìyìn la máa ń fún ẹni tó rẹ̀. Ta ló máa rántí pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò?

Kí wá ni fatigue?

Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti gba ilẹ̀ Faransé kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará wa ní Pọ́ọ̀tọ̀-Nófò àti Kétu tó ń sọ Faransé ń lò ó lójoojúmọ́. "Je suis fatigué" lẹ́nu tiwọn kò ju "ó rẹ̀ mí" lásán lọ. Lẹ́nu dókítà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àárẹ̀ tó ju iṣẹ́ tí ẹ ṣe lọ ni, tí oorun òru kan tàbí ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ kò mú kúrò, tó sì ń dí yín lọ́wọ́ láti ṣe ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Àwọn ẹnjiníà náà ń lò ó fún irin. Ẹ mú wáyà kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn títí. Kò sí èyí tó le nínú títẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wáyà á já. Metal fatigue ni wọ́n ń pè é, òun náà sì ni ìwádìí fi hàn pé ó já ọkọ̀ òfuurufú Comet méjì bọ́ lójú ọ̀run ní ọdún 1954. Wáyà yẹn yé mi ju ìtumọ̀ inú ìwé atúmọ̀-èdè lọ.

Ìlò rẹ̀ ní ẹ̀tàn díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ pé "I am fatigue." Kò tọ̀nà. Orúkọ ni fatigue, bí ibà ṣe jẹ́ orúkọ, ẹni tí ibà ń ṣe kì í sọ pé "èmi ni ibà." "I have fatigue" tàbí "I feel fatigued" ló tọ́. Ẹ máa pè é bíi fa-tíìg, u àti e tó gbẹ̀yìn kò dún rárá. Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín: àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an kì í sábà lò ó lọ́dọ̀ dókítà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni "I'm tired all the time," ó sì wọ́pọ̀ débi pé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gé e kúrú sí TATT. "All the time" ló ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀, torí òun ló sọ fún dókítà pé oorun kò wò ó. Nítorí náà, bí fatigue bá wúwo lẹ́nu yín, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ mú èyí.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ oorun. Ẹni tí oorun ń kùn, ojú rẹ̀ ló ń pa dé. Tó bá sùn tó, á yá. Ẹni tó ń hanrun gan-an lóru, tó máa ń ta jí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, lè sùn wákàtí 8 kó sì jí pẹ̀lú oorun lójú. Ó yẹ kó sọ ìyẹn fún dókítà. Àìlágbára iṣan tún yàtọ̀. Níbẹ̀, ọwọ́ kọ̀ láti gbé ife, ẹsẹ̀ kọ̀ láti gun àtẹ̀gùn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lójijì sí apá kan ara, tí ẹnu wọ́ tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, rọpárọsẹ̀ ló lè jẹ́. Ẹ má dúró wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ pe 112 tàbí kí ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Garawa omi

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. A ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kò sí àdúgbò tí kò sí. Oṣù mẹ́rin ló ti bímọ. Ọmọ ń jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru, òun fúnra rẹ̀ sì ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Tudu. Gbogbo Yorùbá tó bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń kí i pé "ẹ kú ọwọ́ lómi," kíkí tó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé ọwọ́ ìyá ọmọ kì í gbẹ. Ó ní ó ń rẹ òun. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọmọ ló ń fa ọmú jù. Ọkọ rẹ̀ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ oníṣúgà wá. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní "I'm tired." Wọ́n wo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní gbogbo ìyá ọmọ ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìyẹn gan-an ló sì léwu. Nígbà tí àlàyé tó bọ́gbọ́n mu bá ti wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó máa wá òmíràn. Nígbà tó padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó bá nọ́ọ̀sì mìíràn pàdé. Ìyẹn bi í ní ìbéèrè kan: "Maame, kí lẹ lè ṣe ní oṣù méjì sẹ́yìn tí ẹ kò lè ṣe mọ́ báyìí?" Ó ronú díẹ̀. Ó ní láti ìdí ẹ̀rọ omi dé ẹnu ọ̀nà ilé, òun máa ń gbé garawa lẹ́ẹ̀kan náà. Ní báyìí, òun ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àyà òun á sì máa lù kìkì. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Haemoglobin rẹ̀ jẹ́ 7.4.

Haemoglobin ni ohun tó ń fún ẹ̀jẹ̀ ní àwọ̀ pupa, òun ló sì ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú láti ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Bí ó bá dínkù, iṣan, ọkàn àti ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́ tó dín sí èyí tó yẹ kí wọ́n rí, ọkàn á sì máa sáré láti fi dí i. Lójú Àjọ Ìlera Àgbáyé, obìnrin tí kò lóyún tí tirẹ̀ kò tó 12 nínú ìdiwọ̀n tí wọ́n ń pè ní g/dl ní àìtó ẹ̀jẹ̀. Fún aláboyún, nǹkan bí 11 ni ààlà, fún ọkùnrin, 13. Kì í sì í ṣe àìsàn àwọn díẹ̀. Ìwádìí ìlera ìdílé tí wọ́n ṣe káàkiri Gánà ní ọdún 2014 rí i pé ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn. Láàárín àwọn ọmọ oṣù 6 sí 59, ìdá 66 ni. Nítorí náà, nínú yàrá tí obìnrin mẹ́wàá bá jókòó sí tí gbogbo wọn ní ó rẹ àwọn, ó ṣòro kí a máà rí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pé níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó dà nígbà ìbímọ, oyún tó tẹ̀lé ara wọn kíákíá, nǹkan oṣù tó ń dà jù, ibà, aràn inú, oúnjẹ tí kò ní èròjà iron, gbogbo rẹ̀ ló lè fà á. Ẹ ṣí ìsàlẹ̀ ìpéǹpéjú wò, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti ahọ́n. Bí wọ́n bá ti funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmì ni. Àmì mìíràn wà tí àwọn ènìyàn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjà Accra, wọ́n ń ta amọ̀ funfun kan tí wọ́n ń pè ní ayilo, àwọn aláboyún sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Kí ó máa wu ènìyàn láti jẹ amọ̀, yìnyín tàbí ìrẹsì tí a kò sè lè jẹ́ pé iron ni ara ń wá. Ó bani nínú jẹ́ pé amọ̀ náà lè má jẹ́ kí ara gba iron tó wà nínú oúnjẹ. Dípò kí ẹ bá a jà, ẹ ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ní ti oúnjẹ, kontomire dára, ẹ̀wà dára, waakye náà dára, ṣùgbọ́n iron inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ẹja. Ọsàn tàbí tòmátì tútù tí a bá jẹ pẹ̀lú rẹ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́. Tíì tí a bá mu pẹ̀lú oúnjẹ máa ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà kí tíì dúró di wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Haemoglobin tó ti lọ sílẹ̀ dé 7, oúnjẹ nìkan kò lè tètè gbé e dìde. Dókítà ló máa sọ bóyá hóró iron ni, tàbí abẹ́rẹ́, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára. Hóró iron máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ó sì lè mú kí ìgbẹ́ le. Ọ̀pọ̀ ló ń jù ú nù nítorí èyí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún wọn, wọ́n lè yí i padà.

Ẹni tó ní sickle cell kò gbọdọ̀ mu iron fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí pé iron lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀, pàápàá ẹni tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra. Àárẹ̀ jẹ́ ara àìsàn yẹn lójoojúmọ́, kódà nígbà tí ìrora kò sí. Kí n yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà: ọdún 1910 ni dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe sickle cell nínú ìwé ìṣègùn òyìnbó. Àwọn Ga ní Accra ti ní orúkọ tiwọn fún un tipẹ́tipẹ́. Chwechweechwe ni wọ́n ń pè é, orúkọ tó ń sọ bí ìrora ṣe ń já ènìyàn jẹ léraléra. Dókítà Felix Konotey-Ahulu, ọmọ Gánà tó ṣiṣẹ́ lórí àìsàn náà ní Korle Bu, tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ìdílé tirẹ̀ padà sẹ́yìn títí dé ọdún 1670, nípa ohun tí àwọn àgbà ń sọ fún ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ tó ṣe pàtó lè tó ìwé.

Ohun tí a fi ń bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀

Oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò pọ̀ ní Accra bí omi inú rọ́bà. Àwọn kan ní iron nínú, àwọn kan kò ní tó ohun tí aláìtó ẹ̀jẹ̀ nílò, àwọn kan sì ní ọtí nínú. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó fún aláboyún tàbí ọmọdé. Ohun mímu alágbára tó ní káféènì máa ń yá àárẹ̀ lọ ni, alẹ́ ló máa ń padà gba owó rẹ̀, nígbà tí oorun bá kọ̀ tí kò wá.

Tramadol, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní tramol, ló burú jù. Oògùn ìrora ni. Àwọn awakọ̀, àwọn tó ń gbé ẹrù lọ́jà àti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ń lò ó kí ara má bàa mọ̀ pé ó rẹ̀. Ó lè di bárakú, ó lè mú gìrì wá, bó bá sì pọ̀ jù ó lè dá èémí dúró. Bí ọmọkùnrin yín bá ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ tí kò sì rẹ̀ ẹ́ rí, ẹ bi í léèrè jẹ́jẹ́.

Ní ti oògùn tí dókítà fún yín gan-an, Piriton tí a ń mu fún ara yíyún tàbí ọ̀fìnkìn máa ń fa oorun, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan sì ń fa àárẹ̀. Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín. Ẹ gbé páálí rẹ̀ lọ bá ẹni tó kọ ọ́ fún yín.

Ọmọdé kì í sọ pé "fatigue"

Ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Eré ló máa fi í sọ. Ọmọ tó ti ń sáré kiri tẹ́lẹ̀ tó wá ń jókòó ti ògiri, tó ń fẹ́ kí wọ́n gbé òun láti ibi tó ti ń rìn dé, tàbí ìkókó tó ń làágùn tó sì ń sinmi láàárín ọmú, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ tàbí ọmọ pẹ̀lẹ́. Bí ara bá gbóná pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n yẹ ibà wò lọ́jọ́ náà. Bí ọmọ bá rọ jọ̀wọ̀lọ̀ tí kò jẹun, tí kò sì ṣeé jí dáadáa, lójú ẹsẹ̀ ni.

Nígbà tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀

Ṣùgbọ́n wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó pé pérépéré, kí àárẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tó gbajúmọ̀ lóde òní máa ń wọlé, ìyẹn burnout. Onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní New York, Herbert Freudenberger, ló kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1974, lẹ́yìn tó rí àwọn tó ń fi ara wọn jin ìtọ́jú aláìsàn tí wọ́n ń jó tán bí àbẹ́là. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ohun tí wọ́n gbà pé ó jẹ́. Agbára ènìyàn á tán, iṣẹ́ á sú u débi pé kò fẹ́ rí i mọ́, kò sì ní lè ṣe é dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe àìsàn, iṣẹ́ oṣù sì nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Ẹni tó ń tọ́ ìbejì ní Nima, tó tún ń tọ́jú ìyá tó ní rọpárọsẹ̀, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n bí ìwé ṣe wí nìyẹn.

Àwa Yorùbá ti rí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àárẹ̀ bá di orúkọ àìsàn. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Kánádà kan, Raymond Prince, ń ṣiṣẹ́ ní Aró ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo sọ di olókìkí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá a. Wọ́n ní orí àwọn ń gbóná, àwọn ń ka ìwé ṣùgbọ́n kò wọlé. "Brain fag" ni wọ́n pè é. Prince kọ ọ́ jáde ní 1960, nígbà tó sì di 1994, ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń to àìsàn kà á mọ́ àwọn àìsàn tó jẹ́ ti àṣà ibì kan, wọ́n ní ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni. Bẹ́ẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló ti ń lo "brain fag" láti sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún fún ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ jù. Wọ́n pa á tì, ó kù sọ́wọ́ wa, wọ́n wá padà rí i lọ́wọ́ wa, wọ́n ní àìsàn wa ni. Ẹ̀dà tó jáde ní 2013 kò fún un ní àyè tirẹ̀ mọ́. Nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé yẹn, ó ṣeé ṣe kí ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìbẹ̀rù ìdánwò ti wà lára ohun tó ń ṣe àwọn mìíràn, tí orúkọ kan ṣoṣo sì bo gbogbo rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má tètè fún àárẹ̀ ìyá ọmọ tuntun ní orúkọ. Ẹ bi í bóyá inú rẹ̀ ṣì ń dùn sí ohunkóhun. Ẹ bi í bóyá ó ń rí oorun sùn nígbà tí ọmọ bá sùn. Ẹni tó kàn rẹ̀ á sùn lọ fọnfọn. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ìbímọ mú lè dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ojú ṣíṣí, kó máa sunkún láìnídìí, kó máa rò pé òun kò yẹ ní ìyá. Bí ó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ìtọ́jú wà fún un, kò sì tíì ya wèrè. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ènìyàn nítorí orúkọ Asylum Down, àdúgbò tí ilé ìwòsàn ọpọlọ Accra wà láti ọdún 1906, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó ti bímọ náà lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀. Bí ó bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí ọmọ lára, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀kan ṣì kù tí kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ yín. Láti oṣù tó kẹ́yìn oyún títí dé oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, ọkàn obìnrin lè rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́. Ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà púpọ̀. Àárẹ̀ ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn á sì ní ọmọ ló fà á. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó wú. Ẹ wò ó bóyá ìrọ̀rí méjì mẹ́ta ló ń lò torí pé bó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, èémí kò dé. Ìyẹn kò dúró di ọ̀la.

Bí ẹ ó ṣe sọ ọ́

Nọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó rẹ òun náà. Púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ wọn sì kù sọ́rùn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pe ohun tó ń ṣe irú wọn ní compassion fatigue, nígbà tí àánú fúnra rẹ̀ bá rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má lo ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ ní láti fi ṣe àròyé. Ẹ fi ọjọ́ bẹ̀rẹ̀: "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Ẹ sọ pé oorun kò wò ó. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ohun kan tí ẹ kò lè ṣe mọ́, ohun tó ṣeé fojú rí, bíi garawa, àtẹ̀gùn, tàbí ọ̀nà ọjà. Ẹ fi ohun tó bá a rìn kún un: àyà tó ń lù, òòyì, ara gbígbóná, ara tó ń rù, òùngbẹ àti ìtọ̀ tó pọ̀ jù, ìkọ́ tí kò lọ, ìbànújẹ́. Ẹ sọ oyún, ọjọ́ tí ẹ bímọ, àti bí nǹkan oṣù ṣe ń wá.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó lè jẹ́ báyìí: "I have been tired all the time for six weeks. Sleep does not help. I used to carry a bucket home without stopping, now I stop twice." Ẹ kọ ọ́ sórí fóònù bí ẹnu yín kò bá gbà á, kí ẹ sì fi han nọ́ọ̀sì. Ẹ mú gbogbo páálí oògùn tí ẹ ń mu dání, ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ náà wà lára rẹ̀, àti àgbo.

Bí wọ́n bá tún ní kí ẹ lọ sinmi, ẹ bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi yẹ haemoglobin wò?"